Ẹsẹ̀ Màmá Kò Wọ Inú Àwòrán

Ní Àkúrẹ́ tí mo ń gbé, àwọn èèyàn kì í wo àwòrán kí wọ́n tó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n yà. Kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí lẹ́ǹsì rẹ̀ bá ti gùn bí ọmọ odó, wọ́n á sún fún un, wọ́n á máa pè é ní ọ̀gá, kódà bó jẹ́ pé gbogbo àwòrán tó ti ń yà dà bí ohun tí wọ́n yà nínú èéfín. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ni mí, ẹnu mi sì mú. Àwọn tó ń fi fóònù ya àwòrán kò bọ́ lọ́wọ́ mi rárá. Mo máa ń sọ fún wọn pé eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe.

Ẹnu yìí ló mú kí màmá mi ránṣẹ́ pè mí wá sí Oǹdó. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ ya àwòrán tí a ó lò nígbà tí wọ́n bá kú, èyí tí yóò wà lára ìwé ètò ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò sì wà lára ògiri pálọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan dé ni. Àwọn ọmọ olóògbé gé orí ìyá wọn jáde láti inú àwòrán ìgbéyàwó ẹlòmíràn, èjìká àjèjì sì ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní gé orí tèmi," ni Màmá wí. "Orí àga mi ni mo máa jókòó sí, lábẹ́ àwòrán bàbá yín. Láti orí gèlè dé bàtà ni kí o yà mí. Ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ hàn. Òun ni mo fi rin ọ̀nà oko Bọ́lọ́rundúró tí ẹ fi kàwé. Àbí ìwọ kọ́ lo máa ń bú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n yà?"

Nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi ni wọ́n yàn. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn.

Ní Sátidé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kan ní òpópónà Arakale ní Àkúrẹ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ín, Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn ayàwòrán mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, àwọn tí kì í ra nǹkan kan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà. Mo ra mírọ̀lẹ́ẹ̀sì, irú kámẹ́rà ìwòyí tí wọ́n ti yọ dígí inú rẹ̀ kúrò kó lè kéré, kó sì fúyẹ́. Èyí tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo mú. Lẹ́ǹsì kan bá a wá, kò ju ìdérí fúláàsì lọ.

"Tíṣà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ṣé èyí lẹ fẹ́ fi ya màmá? Wọ́n á rò pé káàdì ìdìbò lẹ wá ṣe fún wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n ní kí Alájì gbé lẹ́ǹsì gidi wá fún mi. Ẹnu èyí àkọ́kọ́ tó gbé wá kò bá ẹnu kámẹ́rà mi mu, ni wọ́n bá ní ká fi òrùka irin kan sáàárín wọn. Mo ní n kò gbà, pé yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni n ó máa fi yí i kó tó ríran, Màmá á sì ti sùn lọ.

"Wàlláhì, Tíṣà mọ nǹkan," ni Alájì wí.

Ìyìn yẹn ló pa mí. Ó gbé òmíràn wá, ó gùn, ó sanra, ẹnu rẹ̀ sì bá ti kámẹ́rà mi mu rẹ́gí. Mo fi ya ojú ọ̀kan nínú àwọn oníbẹ́ǹṣì, mo rí òógùn tó wà létí imú rẹ̀. N kò béèrè bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó kó tó lè fi ya odindi ènìyàn. Mo dá lẹ́ǹsì kékeré padà, Alájì yọ ọ́ nínú owó, mo sì jáde pẹ̀lú àyà gbàgàdà.

Nígbà tí mo dé Oǹdó, Màmá ti múra. Gèlè wà lórí, bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sójú, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni mo rí. Mo fà sẹ́yìn, mo rí ọrùn. Mo fà sẹ́yìn títí kọ́bọ́ọ̀dù fi gún mi lẹ́yìn, ikùn ni mo rí dé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé àga síta.

"Síta kẹ̀? Ṣé mo ń polówó ẹ̀wà ni? Abẹ́ bàbá yín ni mo wí."

Mo jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé, mo sì ń yà wọ́n láti àárín irin tó wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ kí n ti dágbére fáyé ni?"

Mo padà wọlé, mo wá parọ́. Mo ní ojú nìkan ni ayé ń yà báyìí.

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? Fi fóònù rẹ yà á, jàre, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo ní fóònù kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ya irú ìyá bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan. Èmi tí mo ń fi àwọn olólẹ́ǹsì gígùn ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí.

Alájì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì mú lẹ́ǹsì kékeré fún mi. Mo dán an wò nínú yàrá mi ní Àkúrẹ́. Láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kó gbogbo àga àti tábìlì tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe pé, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Àwòrán náà ti wà lára ògiri nígbà tí mo wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Obìnrin tó ń bá Màmá dirun ló fi fóònù rẹ̀ yà á. Gèlè hàn, àga hàn, bàtà méjèèjì wà nílẹ̀ gbọn-in. Màmá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Mo wá àléébù lára rẹ̀ títí, n kò rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n ya tèmi. Mo ti rí lẹ́ǹsì tó yẹ."

Wọ́n mi orí. "Ọkọ mi, irú ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń jókòó fún un. Bí mo bá tún jókòó, ikú á rò pé mò ń pè é ni."

Mo ti kámẹ́rà bọ báàgì. Nígbà tí oúnjẹ dé, mo tún yọ ọ́, mo bẹ̀ wọ́n pé kí n yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n gbà, mo sì yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a ó fi sin ìyá mi, ẹlòmíràn ló yà á.