Ọpẹ́ Tí Bàbá Mi Lọ Dá ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Bàbá mi mọ ọpẹ́ dá jù. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà pé kò da òun sí kòtò, á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó ná aṣọ títí tí kò rà á. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń tajà ní New Bell, ní Douala ní Cameroon, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ìwà náà lára rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, títí di ọdún tí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi.

Ìgbà tí wọ́n ń pè ní la crise ni. Owó ti wọ́n ní Douala, owó oṣù àwọn ọlọ́pàá náà kò tó wọn ná, àwa àjèjì ni wọ́n sì ń ni lára. Wọ́n á dí ojú ọ̀nà, wọ́n á kó gbogbo ẹni tí kò bá mú carte de séjour, ìwé ìgbélùú, lọ́wọ́. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá tó o ládùúgbò wa. Ó gbàgbé ìwé tirẹ̀ sílé lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ mú un wá, ilé kò jìnnà. Ọlọ́pàá kan ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n fi máa dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kán.

Àwa kò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ó gbé e lọ bá agbẹjọ́rò ìjọba ní kóòtù. Wọ́n ní ẹjọ́ náà yóò dé Yaoundé, níbi tí àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá gan-an ni iṣẹ́ wọn láti wádìí. Ó sọ fún wa pé òun kò wá owó. Kí wọ́n kàn pe ọkùnrin náà síwájú ọ̀gá rẹ̀, kó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun.

Bàbá mi kò ta kò ó. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọlọ́pàá tó ṣẹ́ni lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá àgọ́ tó ní kí wọ́n tú ọmọ sílẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, òun àti àwọn àgbà mìíràn gbé ẹja gbígbẹ láti Youpwè, ọjà àwọn apẹja, wọ́n kọrí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi dání, nítorí ẹni tí a torí rẹ̀ dúpẹ́ gbọ́dọ̀ yọjú. Kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ̀ fún bàbá rẹ̀ lójú àwọn àgbà? Wọ́n wọ agbádá fún un, apá agbádá bo báńdéèjì mọ́lẹ̀, torí kò yẹ kéèyàn gbé egbò lọ kí ẹni ńlá. Wọ́n bá ọ̀gá àgọ́ ya fọ́tò. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí olùwádìí tó ti Yaoundé dé. Mo bá bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ síwájú rẹ̀, nítorí Faransé bàbá mi kò kọjá iye tí aṣọ jẹ́. N kò ní parọ́ mọ́ ọkùnrin náà: ó fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ka ìwé dókítà, ó béèrè bí ọlọ́pàá náà ṣe rí. Inú mi ti ń dùn. Àfi bó ṣe fa fọ́tò yẹn yọ nínú ìwé tí àgọ́ ọlọ́pàá kó fún un, tó ní kí n bi bàbá mi:

“Papa, ta ló ń gbé ẹja lọ fún àwọn tó ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́?”

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Bàbá mi ní:

“Sọ fún un pé n kò dúpẹ́ lílù. Àwọn ọmọ mìíràn wọ ibẹ̀, òkú wọn ni wọ́n gbé fún ìyá wọn. Wọ́n fún mi ní tèmi láàyè.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Olùwádìí náà mirí, bóyá ó tiẹ̀ yé e, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́. Ohun tó kọ ni pé bàbá gbà pé òun ló wà nínú fọ́tò, àti pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú un lọ. Inú bí mi sí i. Inú bí mi sí bàbá mi pàápàá.

Èsì tó dé ni pé wọn kò rí ẹ̀rí ìwà àìtọ́ kankan, wọ́n ti pa ẹjọ́ náà dé. Ọlọ́pàá yẹn kò kúrò ní ìkóríta wa, á sì máa kí bàbá mi ní bonjour bó bá ń kọjá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́; kò lè fi ṣe iṣẹ́ ọnà mọ́. Ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Bonabéri títí di òní, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i nídìí àtẹ.

Lọ́jọ́ tí mo ka èsì náà sí wọn létí, bàbá mi dìde lórí àga, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ọmọ mi, jọ̀wọ́, foríjì mí.” Ẹ̀gbọ́n mi sáré dì í mú kó má baà kúnlẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tọ́rọ̀ yẹn kàn, bàbá wa nìkan ló tọrọ àforíjì.