Ọ̀nà Àlejò fún Baálé Ilé

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi kó ẹrù rẹ̀ dé láti Ìbàdàn, inú mi dùn débi pé n kò rántí bi í pé iṣẹ́ ńkọ́. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ní ilé ìwòsàn ti gbà kí òun máa ṣiṣẹ́ láti Ìkirè níbí, pé orí kọ̀ǹpútà ni òun á ti máa tọ́jú èsì àyẹ̀wò àwọn aláìsàn. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀: kọ̀ǹpútà ẹlòmíì kò gbọdọ̀ rí inú ti òun. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí òun padà wá jókòó sí ọ́fíìsì n'Íbàdàn.

Mo ní, "Ta ló ní kọ̀ǹpútà mìíràn níbí?"

Mo ti gbàgbé ọkọ mi.

Àkọ́bí wa ló fún bàbá wọn ní kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan kí wọ́n lè máa fi wo wáàsí. Láti ìgbà náà, oko kòkó wọn tó wà lọ́nà Àpòmù ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn láàárọ̀ mọ́. Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni pé gbogbo ohun tó bá ti ń tàn lójú kọ̀ǹpútà yẹn ni bàbá máa ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Á ní òògùn orúnkún wà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé mọ́tò náà dà. Wọ́n ní ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní kí ẹni tó ń wà á bọ̀ rọra o, kòtò pọ̀ lójú títì wa.

Ráútà kan ṣoṣo lọmọ náà rà, àpótí kékeré tó ń fún ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sídìí láti ra méjì. Ó pín ọ̀kan náà sí ọ̀nà méjì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń júwe ilé. Ó ní ọ̀kan dà bíi yàrá, èkejì dà bíi pálọ̀: ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tó wà ní yàrá. Òun fi kọ̀ǹpútà òun sí yàrá, òun fi ti bàbá sí pálọ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ti yàrá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá wo ojú kọ̀ǹpútà wọn. "Kí ni wọ́n kọ síbí yìí? Ọ̀nà àlejò? Èmi ni àlejò, nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́?"

"Bàbá mi, orúkọ lásán ni. Ẹ má bínú."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa. Ṣé kí n bu omi fún yín?"

Wọ́n fa kọ̀ǹpútà wọn mọ́ra.

Ọ̀nà àlejò yẹn ò yá. Ọmọ ló dín eré rẹ̀ kù kí bàbá má baà jẹ dátà ilé tán, nítorí náà wáàsí á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró, bàbá á máa pòṣé. Àfi lọ́jọ́ kan tí mò ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ dín lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí wáàsí ń lọ geere láìdúró rárá. Mo ní alihamudulilai.

Ọmọ mi jáde sí mi. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Màámi, wọ́n ti tì mí síta."

Ó ní kọ̀ǹpútà òun pariwo pé kọ̀ǹpútà kan tó ní àrùn ti wọlé bá òun, ó ń kan ilẹ̀kùn òun. Àwọn ọ̀gá rí i láti Ìbàdàn, wọ́n sì ti ọ̀nà iṣẹ́ pa mọ́ òun. Wọ́n ní bí òun ò bá lè fi hàn pé ibẹ̀ ti mọ́, kí òun máa kó ẹrù bọ̀.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí pálọ̀. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ṣé ẹ wọ yàrá mi ni?"

"Èmi? Orí àga yìí ni mo wà láti àárọ̀."

"Yàrá ti ráútà ni mò ń sọ."

Bàbá wúkọ́. "Wáàsí ló ń dúró. Mo rí ọ̀nà kejì, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo tẹ Bíṣimílà, kò ṣí. Mo tẹ orúkọ rẹ, kò ṣí. Mo wá rò ó pé, bí nǹkan bá ti sú mi nínú ilé yìí, ta ni mo máa ń pè?"

Wọ́n nawọ́ sí mi.

Oríkì mi ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà ò lè la ẹnu pè mí ní oríkì bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé Ìyá Onídòdò nìkan làwọn ará àdúgbò ń pè mí. Ó gbà pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ó gbàgbé ẹni tó ń fi oríkì yẹn jí mi lójoojúmọ́. Ó fọwọ́ bojú, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ ti pè mí fún omi, ẹ ti pè mí fún bàtà, ẹ ti pè mí fún awò ojú tó wà lórí yín. Ẹ wá pè mí wọ kọ̀ǹpútà."

Ọmọ náà gba kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, ó nù ún mọ́ tinútòde. Mọ́tò bàbá bá a lọ. Ó dá wọn padà sí ọ̀nà àlejò, ó yí páásíwọ́ọ̀dù yàrá sí ohun tí kò sẹ́ni tó ń pè, ó sì fi gbogbo rẹ̀ han ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá ní kó máa retí àwọn.

N kò lọ sí ìdí ọjà mi ní títì lọ́jọ́ kejì. Mo ní òjò fẹ́ rọ̀. Oòrùn ń ràn bí iná. Bàbá ò tan kọ̀ǹpútà, wọ́n kàn ń wo báàgì ọmọ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá.

"Ó ti ṣí! Wọ́n ti ṣí i!"

Bàbá ní, "Ṣé o ò ní lọ mọ́?"

"Mi ò lọ mọ́, bí ẹ bá lè jókòó sí pálọ̀."

"Mo ti jókòó."

Wọ́n tan wáàsí. Kò pẹ́ tó fi dúró, alùfáà la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Mo bi bàbá bóyá kí n lọ bá wọn bẹ ọmọ kó jẹ́ kí ọ̀nà wọn yá díẹ̀. Wọ́n ní kí n fi alùfáà sílẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú.