Ìpè Tí Mo Dákẹ́ Sí: Fún Bọ̀ọ̀dá Délé, Ẹnìkejì Mi Nídìí Bíríìjì

Ó di gbére, Bọ̀ọ̀dá Délé. Ikú oró ni wọ́n fi pa yín, nínú oko kájú tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn. Àwọn tó ṣe é kò ní fọwọ́ rọrí kú.

Èmi Súlè ni mò ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹ kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì, tí ẹ tún kọ́ ní bíríìjì nígbà tí èmi náà di tíṣà l'Ómù-Àrán. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó dojú kọ yín nídìí káàdì. Ọ̀làwọ́ ni yín, olóòótọ́ ni yín, àmọ́ ẹ̀yin àti ìbínú, ọmọ ìyá kan náà ni yín.

Ẹni tí kò mọ eré náà, kó gbọ́. Èèyàn mẹ́rin ní ń ta á, méjì sí méjì. Kí á tó ju káàdì sílẹ̀, a ó kọ́kọ́ pè, ìpè yẹn nìkan sì ni ẹnìkejì fi lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni. Ìpè kan wà tí ẹnìkejì lè dákẹ́ sí. Òmíràn wà tó jẹ́ tuláàsì: bí ọwọ́ rẹ tilẹ̀ ṣófo, o gbọ́dọ̀ dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ pe kílọ́ọ̀bù méjì, tuláàsì pọ́ńbélé. Káàdì ọwọ́ mi kò dára rárá, mo sì rò ó pé àgbà ti sọ̀rọ̀, kí ni ọmọdé tún fẹ́ sọ? Mo ní páàsì, ìyẹn ni pé mo dákẹ́ sí ìpè yín. Ẹ dojú tábìlì dé. Ìgò mínírà fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ya mí níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. "Súlè, mò ń pè ọ́, o dákẹ́!" Ẹ̀yin náà lẹ gbé mi lọ rán ọgbẹ́ náà, tí ẹ ń sunkún lọ́nà.

Lóṣù tó kọjá, ajínigbé mẹ́rin yọ sí àwa méjèèjì lóko yín lọ́nà Àrán-Ọ̀rin. Wọ́n fi ìdí ìbọn lù yín títí apá ọ̀tún yín fi kán. Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá nà mí. Nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí fóònù wa, tí wọ́n kọ̀yìn sí wa, ẹ rọra sọ fún mi pé, "Súlè, bí ẹsẹ̀ rẹ bá gbé e, máa lọ." Mo ka ìyẹn sí ìpè tí mo lè dákẹ́ sí. Mo dákẹ́, torí mi ò fẹ́ fi yín sílẹ̀. Wọ́n padà, wọ́n gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́rùn. Ẹ fi apá kan tó kù gbá ẹnu ìbọn mú, ẹ ké pé, "Sáré!" Mo sáré. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé, bí mo ṣe ròyìn pé ẹ ní kí n sáré, àbúrò yín fún mi lọ́rùn, ó gbá mi létí, ó ní mo ta ẹ̀gbọ́n òun. Màmá Tóyìn, ìyàwó yín, ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ mi ló ní kó sá."

Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ní kí n lọ. Ká ní mo gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni, ẹ kì bá tí di ìbọn mú nítorí mi. Màmá Tóyìn, ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ sùn re o.