Omi Tí Sójà Mu Nílé Wa

Mo kéré gan-an nígbà tí sójà kọ́kọ́ wọ Ìfọ̀. Ìjà òṣèlú ló kó wọn wá. Àwọn ọmọ ìta ń fọ́ ilé, wọ́n ń jó ṣọ́ọ̀bù, apá ọlọ́pàá ò ká wọn mọ́. Ẹ ò rí i bí àwọn sójà náà ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ kan náà, ìbọn léjìká. Gbogbo wa rò pé wàhálà ti parí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ò tíì yé mi dòní. Títì àti ìdíkọ̀ rélùwéè wà lọ́wọ́ sójà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá wọn ò lè wọ àárín ilé. Ẹ̀yìnkùlé àti àlàfo tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá, ti àwọn ọmọ ìta ni. Wọ́n á ju òkò tán, kí sójà tó yíjú, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ti jókòó ti ìyá wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára wọn, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sáré wọlé, tí bàtà sójà ń dún bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Ìyá wa gba ẹ̀wù lára ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bu omi àmù sínú igbá, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Àlejò ń bọ̀. Fún wọn lómi.”

Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá fún ọ̀gá àwọn sójà náà. Ọ̀gá mu ún tán, ó nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín sí i.

“O ṣeun, àbúrò. Má jáde lónìí o, àwọn jàǹdùkú wà níta.”

Lọ́jọ́ kejì, òkò fọ́ ọ̀gá yẹn lójú kan. A ò mọ ẹni tó jù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì lè bi í léèrè. Nígbà tí sójà ń lọ, wọ́n ní àwọn ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ ìta náà ń jó kiri, wọ́n ní àwọn ló ṣẹ́gun.

Ayé ti yí. Òkò àti igò ni tìgbà yẹn. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ ẹni tí kò wọ aṣọ ológun báyìí. Ní Ìbàfò níbi tí mò ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ ilé wa máa ń wo ogun lórí fóònù, wọ́n á máa jiyàn bóyá sójà lè borí àwọn tó ń jà láti ilé dé ilé. Wọ́n á ní kí èmi àgbà dá ẹjọ́ náà fún wọn. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọmọ-ọmọ mi ti di sójà, ìlú kan lókè Ọya ni wọ́n gbé e lọ. Ó pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ní ọmọkùnrin kan máa ń gbé omi wá fún àwọn nígbàkígbà tí àwọn bá wọ àdúgbò rẹ̀. Ó ní, “Màmá àgbà, ṣé kí n máa mu ún?”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ gbàdúrà fún un, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rí, ó lóṣòó, ó gbé igbá omi dání.