Ataa Okaidja àti Kẹ́nkè Tí Kò Kan

Bí o bá dárúkọ Ataa Okaidja nílùú La, ìlú àwa Ga létí òkun, títí dòní, ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ọ. Bàbá àgbàlagbà, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi òróró àgbọn pa irùngbọ̀n funfun láràárọ̀ kó tó jẹun, òun náà ló dúró lágbàlá àwọn obìnrin, níwájú gbogbo ẹbí, tó ní kí wọ́n bá òun wá abẹ. Orí rẹ̀ kò dàrú o. Ó ti fi irùngbọ̀n náà ta tẹ́tẹ́ ni, ó sì ti pàdánù.

Ọ̀rọ̀ kẹ́nkè, oúnjẹ àgbàdo kíkan tí a ń wé bí ẹ̀kọ, ló fà á. Awo Korkoi, ìyá tí gbogbo wa ti ń jẹ kẹ́nkè rẹ̀ láti kékeré, ṣàdédé rí i pé àgbàdo tí òun ń pò kò kan mọ́. Yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó, yóò dé e mọ́lẹ̀. Nígbà tó yẹ kó ti máa ta èèyàn nímú, ńṣe ni yóò tẹ́ lẹ́nu bí ẹ̀kọ ọmọ tuntun. O lè fi háríhá àgbàdo wé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sọ ọ́ di kẹ́nkè. Àwọn oníbàárà ń gbé e padà. Àwọn apẹja tó ti òkun bọ̀, tí ọ̀fun wọn ń wá ohun kíkan pẹ̀lú ata àti ẹja díndín, ń béèrè bóyá aláìsàn ni Awo ń se oúnjẹ fún.

Awo kò wá ẹ̀bi lọ síbi tó jìnnà. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó ọmọ òun ti dé ni nǹkan ti bàjẹ́. Araba ni ìyàwó náà ń jẹ́, ọmọ ẹ̀yà Fante láti ìlú Saltpond, Sowah apẹja ló fẹ́ ẹ wálé. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, Sowah ń sùn nílé àwọn ọkùnrin, Araba ń gbé nílé àwọn obìnrin lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, òun àti Awo sì jọ ń po àgbàdo. Awo ní ọwọ́ ọmọ náà kò dáa. Ó ní bí a bá ti ṣe Homowo, ọdún ìkórè wa, tán, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Sowah kò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Araba sì ti lóyún.

Àsìkò yẹn ni wọ́n fòfin de ìlù àti ariwo, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí ọdún tó dé. Nígbà tí èèyàn ò lè lùlù, tí rédíò pàápàá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ló kù fún wa bí kò ṣe òfófó? Kò pẹ́ rárá tí ọwọ́ Araba fi ba kẹ́nkè jẹ́, tó lé ẹja lójú òkun, tó sì mú kí orúnkún ìyá kan wú. Ìyá náà ti ń tiro kí wọ́n tó bí Araba.

Ni Ataa Okaidja bá dá sí i. Ọkùnrin yìí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Tí o bá ní òjò máa rọ̀, yóò bi ọ́ pé kí lo rí. Tí o bá ní o rí èèrà tó ń kó ẹyin sá, yóò ní ó dáa, kí ló wá so èèrà pọ̀ mọ́ òjò? Ohun tó fi kọ́ gbogbo wa nílé ìwé nìyẹn: ohun tí o sọ, ohun tí o rí, àti ohun tó so méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ tí àna wá tọrọ ọmọ rẹ̀, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an, Ataa ní kó mú ẹ̀rí wá. Oúnjẹ tutù pátápátá kí wọ́n tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó lọ bá Awo lágbàlá.

"Korkoi, o ní ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ ló ń ba kẹ́nkè jẹ́. Kí lo rí?"

"Ìgbà tó dé ló bẹ̀rẹ̀. Àbí ojú ti ń dùn ọ́ ni?"

"Ìgbà tó dé náà ni ajá yín bímọ. Ṣé ajá ló ń pò ó ni?"

Awo ní kí Ataa tó mọ̀wé wá sọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Ataa ti kó sí wàhálà, nítorí kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní iyọ̀ ni. Ó ní àwọn Fante kì í fi iyọ̀ sí kẹ́nkè tiwọn, àwa ń fi sí i, Araba tó fẹ́ ṣe bíi tiwa ti ń da iyọ̀ sí i kó tó kan, iyọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó kan. Araba ní òun kì í fi iyọ̀ sí i nígbà yẹn. Ataa kò gbọ́, ohùn ara rẹ̀ ti dùn mọ́ ọn jù. Ó ní tí kì í bá ṣe iyọ̀, kí wọ́n fá irùngbọ̀n òun.

Ó ní kí Araba fọ abọ́ tánganran mẹ́rin dáadáa. Araba pò sínú méjì, Awo pò sínú méjì, wọ́n sì fi iyọ̀ sínú ọ̀kan lára ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ataa so àkísà pupa mọ́ àwọn tó níyọ̀, ó so funfun mọ́ àwọn tí kò ní, ó tò wọ́n sáàárín àgbàlá, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ká tó ṣẹ́jú, ìròyìn ti gba ìlú pé tíṣà sáyẹ́ǹsì ti ń ṣoògùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń gba àgbàlá náà kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà etí òkun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, gbogbo ẹbí pé jọ. Èyí tó níyọ̀ kò kan, Ataa rẹ́rìn-ín. Èyí tí Araba pò láìsí iyọ̀ kò kan, Awo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ṣí èyí tí Awo fọwọ́ ara rẹ̀ pò láìsí iyọ̀. Awo gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ wò: òun náà kò kan. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn.

A mọ àwọn àgbààgbà wa. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ po. Ataa kò yí i.

"Mo ní iyọ̀ ni," ó wí. "Èyí tí kò níyọ̀ náà kò kan. Mo ṣì í pátápátá. Ẹ bá mi wá abẹ."

A ò rí àgbà ọkùnrin tó sọ bẹ́ẹ̀ rí nílùú La, pàápàá níwájú obìnrin àti ọmọdé. Àwọn kan ní kó fi irùngbọ̀n náà sílẹ̀, wọ́n ní eré ni. Ó ní òun ò ṣeré. Wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ kan tán, ọṣẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, nígbà tó ní kí wọ́n dúró.

"Araba, láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sọ̀rọ̀, mi ò bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Báwo lo ṣe fọ àwọn abọ́ yìí?"

"Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, Ataa. Bí mo ṣe ń fọ ọpọ́n Awo nìyẹn láràárọ̀. Mo máa ń fi kànìnkànìn ha á títí igi rẹ̀ á fi funfun."

"Ta ló rán ọ?"

Araba tẹjú mọ́lẹ̀. "Kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé ọ̀bùn ni àwọn ará Ga máa ń pe ìyàwó Fante. Mi ò fẹ́ kí Awo pè mí bẹ́ẹ̀."

Ọpọ́n igi yẹn, ìyá ìyá Awo ló kọ́kọ́ lò ó. Omi lásán ni wọ́n fi ń ṣàn án láti ayébáyé, bí ìyókù àgbàdo àná bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á po tòní lé e lórí. Ataa ní bóyá inú ìyókù yẹn ni ohun tó ń mú un kan ń gbé, tí Araba sì ń fi ọṣẹ lé e jáde lójoojúmọ́. Bóyá ló sọ lọ́tẹ̀ yìí. Kò sì ta tẹ́tẹ́, kò sí irùngbọ̀n mọ́.

Ó lọ tọrọ àgbàdo kíkan díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ní kí Araba nìkan po àgbàdo tuntun sínú abọ́ méjì tó mọ́ tónítóní, kó fi ti aládùúgbò sínú ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọ̀kan ta wá nímú dé ẹnu ọ̀nà, èkejì tẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló pò méjèèjì.

Awo kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, wọn ò kọ́ ọ. Ó se kẹ́nkè inú abọ́ tó kan yẹn, ó fi ẹja tó tóbi jù lé e lórí, ó gbé e síwájú Araba, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ọdún Homowo kọjá, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹrù. Ilé yẹn ni Araba bímọ sí.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni Ataa Okaidja kú. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, àti bó ṣe máa ń dí èèyàn lọ́nà tó bá ti yá a lára láti béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí ẹní nínú aṣọ ọ̀fọ̀ pupa àti dúdú, Araba wọlé nínú irú aṣọ kan náà, ó sì jókòó sáàárín wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹbí fi sùúrù bi í léèrè kí ló jẹ́ sí olóògbé, nítorí ibi ọmọ ni ibi tó jókòó sí yẹn.

"Gbogbo ilé ló dá mi lẹ́bi," ni Araba wí. "Ataa náà dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló padà wá wò ó bóyá òótọ́ ni."

Àkọ́bí Ataa sún díẹ̀ lórí ẹní, ó sì fàyè gbà á.