Sìrájù Tó Kọ́kọ́ Kú Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí Sìrájù Àlàó kọ́kọ́ kú, iṣu ló ń jẹ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìlọrà, ó ń fi iṣu gbígbóná kan epo pupa, nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ dé láti Akínmọ̀rìn lórí ọ̀kadà, ẹkún lẹ́nu, iṣu ọ̀fọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Ìyá Ummu-Salamah, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ṣáájú. Ìyá ti tú gèlè, ó ti ń ki òkú bọ̀ láti títì. Bó ṣe yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí òkú tó ń lá epo lọ́wọ́.

"Àlàó, ìwọ kọ́ lo kú ni?"

"Ẹ káàbọ̀, mà. Èmi kọ́."

"Wọ́n ní o kú. Títílayọ̀ ìyàwó ọmọ mi ló kà á nínú fóònù."

Ẹlòmíràn ì bá bínú. Sìrájù gbé àwo iṣu sílẹ̀, ó kọjú sí Títílayọ̀. "Jọ̀wọ́, nígbà tó o tẹ Ìlọrà sínú Gúgù, ikú mi, ipò kelòó ló wà?"

"Òun ló kọ́kọ́ jáde, sà."

Ni Sìrájù bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba.

Fàòsíyà ìyàwó rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Títí dòní, bó bá rántí ẹ̀, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń yíjú sápá ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń tún fóònù ṣe tẹ́lẹ̀, tí kò ní rí ẹni tí yóò bá a rín in.

Ohun tó fa ikú yẹn rèé. Sìrájù ní àbúrò kan ṣoṣo, Anwar. Anwar ta ilẹ̀ oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́nà Ìminì láìsọ fẹ́nìkan. Nígbà tí àṣírí tú, ó sá gba òkè òkun lọ, ó pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tán nínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tí a ò mọ ibi tó wà? Ìyẹn ni Sìrájù ṣe dá sáìtì sílẹ̀ lórúkọ ìlú wọn. Ó ní ilé kì í jìnnà jù fún ẹni tó bá ń ṣàárò. Lọ́jọ́ kan Anwar á tẹ Ìlọrà sínú Gúgù, ilé àwọn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni sáìtì náà wà. Sìrájù wá gbọ́ níbì kan pé Gúgù fẹ́ràn ilé tí nǹkan tuntun kì í wọ́n níbẹ̀. Ó gbọ́ pé èèyàn lè so sáìtì tirẹ̀ mọ́ ti oníròyìn, kí ìròyìn wọn máa dà wọlé fúnra rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Páìpù ló ń pè é. Ó fa páìpù ìròyìn ayé, ó fa ti ojú ọjọ́, ó fa ti eré bọ́ọ̀lù. Nígbà tó mọ̀ pé Yorùbá kì í fo ìkéde òkú, ó fa ìyẹn náà.

Wọ́n tún sọ fún un pé orúkọ ìlú gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Sìrájù kì í ṣe nǹkan ní kékeré. Ó ṣètò ẹ̀rọ kó máa fi "ní Ìlọrà" parí gbogbo àkọlé tó bá wọlé.

Lọ́sẹ̀ yẹn, yìnyín bo ojú títì ní Ìlọrà. Ọkọ̀ òkun rì ní Ìlọrà, níbi tí odò tó tó gbé ọkọ̀ ò sí. Ọlọ́kadà kan ní Fìdítì kọ̀ láti gbé èrò, ó ní òun ò ní ẹ̀wù òtútù. Bí Àlàájì kan tó ń jẹ́ Sìrájù Àlàó ṣe kú ní ìlú tó jìnnà gan-an nìyẹn, tí páìpù gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìlọrà.

Ìyá Ummu-Salamah kọ̀, kò gbé iṣu padà. Ó ní kí Àlàó máa jẹ ẹ́ di ìgbà tó bá kú.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Fàòsíyà bá a sọ̀rọ̀. Kì í pe Anwar lórúkọ, ọmọ ọkọ rẹ̀ ni, ó bá a nílé ọkọ. Agùntáṣọọ́lò ló sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣe ìyàwó wọlé.

"Bàbá wa, bí Agùntáṣọọ́lò bá dé ẹnu ọ̀nà, tó gbọ́ pé ohùn àlejò nìkan ló ń dún nínú ilé, ṣé wọ́n á wọlé?"

Sìrájù gé páìpù òkú àti àwọn yòókù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi Sìrájù Àlàó ò tíì kú. Iṣu ni mò ń jẹ. Ilẹ̀ Ìminì ti kúrò nínú mi." Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ti ilé lárààárọ̀: ẹni tó bímọ, àgbàdo tó gbó, aṣọ tí Fàòsíyà gé kéré. Sáìtì yọ́ kúrò níwájú. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun nìkan ló ń ka ìwé ara rẹ̀.

"Ẹnì kan ń kà á," ni yóò sọ. "Kí n tó jí lárààárọ̀, sáìtì á ti fi hàn pé ẹnì kan ti ṣí i."

"Ẹ̀rọ ló ń ṣí i," ni wọ́n máa ń dá a lóhùn.

Nígbà tí àìsàn wá mú un lọ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó gbà. Gbogbo ìlú ní páìpù ló tún dé. Fàòsíyà pe Akínmọ̀rìn, ó ń sunkún, Ìyá Ummu-Salamah sì ní, "Gbé fóònù fún òkú náà, kó bá mi sọ̀rọ̀." Fàòsíyà gbé fóònù sétí ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí ìyá pe Àlàó títí, tí kò jẹ́, ló tó mọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Fàòsíyà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà. "Bàbá wa ti lọ. Kì í ṣe páìpù. Agùntáṣọọ́lò, bí ẹ bá rí i, ìyàwó yín ló kọ ọ́."

Kò tíì dìde lórí àga tí fóònù fi dún. Nọ́ńbà ìlú òyìnbó ni.

"Ìyàwó wa." Ohùn náà ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. "Ṣé lóòótọ́ ni, àbí ẹ̀gbọ́n mi tún kú bíi ti ọjọ́sí?"

"Ẹ ti rí ti ọjọ́sí?"

"Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé iṣu ló ń jẹ. Láti ìgbà náà, n kì í jáde nílé láìkọ́kọ́ kà á."

"Ẹ kà á pé ilẹ̀ ti kúrò nínú wọn?"

"Mo kà á. Ojú ló ń tì mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni màá pè."

Fàòsíyà wo àga tó ṣófo. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló yọ, omijé sì tẹ̀ lé e.

"Bàbá wa mọ̀," ló sọ. "Gbogbo ìlú ń bá wọn jiyàn, àmọ́ wọ́n ní ẹnì kan ń kà á."

Anwar sunkún lórí fóònù bí ọmọdé. Ó ní òun ń bọ̀ nílé. Ó ní kó tó di ìgbà náà, kí ìyàwó wọn dákun má jẹ́ kí ilé dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó ṣí máṣíìnì, Fàòsíyà kọ ọ́ pé: "Òjò rọ̀ ní Ìlọrà lánàá. Lóòótọ́ ni."