Sàlẹ́ńsà Tí Kò Pariwo

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ bàbá kan náà ni wá. Mo mọ̀. Bàbá ló bí wa pọ̀, ìyá kò bí wa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń wí yìí, ọmọ ìyálé, kàwé lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù títí ó fi di tíṣà. Èmi kéwú, mo sì kọ́ mọ́tò wíwà. Lójú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀" ni mo máa ń kí i. Nínú ikùn mi, nǹkan mìíràn ni, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Wọ́n ṣì ń ru òkúta gun òkè Màpó nígbà náà, tí wọ́n fi ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tó wà lókè yẹn. Mọ́tò kò pọ̀ nígboro Ìbàdàn. Bàbá wa fi èrè kòkó ra lọ́rì kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èmi ni mo sì ń fi kó ẹrù láti Ọjà'ba lọ sí Òjé àti Gbági. Bàbá fúnra wọn kò fojú rí lọ́rì náà rí, torí ojú wọn ti fọ́ kí wọ́n tó rà á. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà láti òwúrọ̀, wọ́n á máa fi etí tẹ̀lé mi káàkiri. "Ó ti ń gun Màpó báyìí." "Ó ti dúró ní Bẹẹrẹ, wọ́n ń já ẹrù." Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn gan-an ló máa ń sọ ibi tí mo lọ fún mi. Bí mo bá yà síbi tí kò yẹ, mo gbé!

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde lábẹ́ mọ́tò. Tiwa ti lu. Ó ń ké, ó ń hó, ó ń wúkọ́, kò sì sí lọ́rì mìíràn nílùú tí ohùn rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí wọ́n ta lọ́rì náà. Ó ti sọ ọ́ léraléra pé ilé oníbíríkì ló yẹ bàbá, kì í ṣe irin tó ń ru ẹrù alẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi pè mí sínú yàrá, tí wọ́n mú mi búra pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí wọn bá ṣì wà, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á. Mo búra. Wálàhí, mo búra tọkàntọkàn.

Nígbà tó yá, sàlẹ́ńsà já bọ́ pátápátá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Ó di dandan kí a wá òmíràn. Alágbẹ̀dẹ kan ní Bẹẹrẹ ti fi irin dúrọ́ọ̀mù ká ọ̀kan, mo dé ibẹ̀, mo ní kó so ó mọ́ mọ́tò kí n gbọ́. Ó bú ramúramù! Kì í ṣe ohùn àtijọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Inú mi dùn. Èkejì wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Gbági, dúdú, ó ń dán, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo wò ó, mo kẹ́yìn sí i.

Ta ló lọ sọ fún tíṣà? N ò mọ̀. Kí n tó délé, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ojú kì í tì ọ́? Bí o bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, àwọn ọmọ kì í gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ wọn mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀kì yín, kí n gbájú mọ́ mọ́tò mi."

"Mọ́tò ta ni?"

Ó gba ọ̀dọ̀ baálé agbo ilé wa lọ. Kò sọ̀rọ̀ ilé ìwé níbẹ̀ o, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́! Ó ní ariwo ń pa bàbá, ó ní àgbàlagbà kì í rí oorun sùn nítorí mọ́tò tèmi. Baálé ní kí n lọ ra èyí tó dákẹ́. Mo ní kí a kọ́kọ́ bi bàbá. Baálé ní, "A kì í fi ọ̀rọ̀ páìpù yọ arúgbó lẹ́nu. Dákẹ́!" Ta ló bi bàbá? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde pẹ̀lú sàlẹ́ńsà Gbági, mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn le koko.

"Mọ́tò mi dà?"

"Òun nìyí, bàbá."

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo mú wọn dé ìdí mọ́tò, mo gbé ọwọ́ wọn lé irin iwájú rẹ̀ tó ṣì gbóná. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò.

"Ti ta ni ẹ yá wá fi tàn mí? Ẹ ti ta tèmi."

"Sàlẹ́ńsà la pààrọ̀, bàbá, Ọlọ́run ń gbọ́!"

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ́tí. Ẹ ti tà á."

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn." Ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ ti lọ! Bàbá mirí, wọ́n yí padà, wọ́n na ọwọ́ wá ògiri, wọ́n wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo já sàlẹ́ńsà burúkú yẹn sọnù, mo lọ so ti alágbẹ̀dẹ. Mo gun Màpó, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún, mo ń tẹ iná mọ́tò títí àwọn tó ń ru òkúta fi ń bú mi. Mo sáré délé, mo bi ìyá mi ohun tí bàbá wí. Ìyá mi ní wọ́n kàn sọ pé, "Mọ́tò ẹlòmíràn lèyí." Wọn ò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo pe alágbẹ̀dẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀, mo pe lèmọ́mù, mo tún pe baálé tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Bàbá ní gbogbo wa ti gbìmọ̀ pọ̀ ni.

Nígbà tó yá, àìsàn dé bá bàbá. Nígbà tó le, wọ́n ní kí a kó gbogbo ọmọ wá, kí àwọn súre fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ọwọ́ wọn pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn àbúrò mi náà gba tiwọn. Ó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sún mọ́ ibùsùn.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, bàbá."

Wọ́n fa ọwọ́ wọn sábẹ́ aṣọ. Wọ́n ní, "Lọ bá àwọn tó ra mọ́tò mi, kí wọ́n súre fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ìdí ibùsùn. Ó gbọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, bíi ti ọjọ́ yẹn.